Ẹ Bi Ìyá Oníwèé: Òkú Ló Tú Àṣírí, Dúpẹ́ Kò Tú Nǹkan Kan

Okun o, gbogbo ilé. Lẹ́tà oṣù yìí pọ̀, ó sì jọ pé ẹ gbìmọ̀ ni, torí orí ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dá lé, ìtàn tí idán àti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jọ ń gbénú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo máa jókòó tì jù. Ọmọ tó kọ ọ́ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ lódindi, mo sì ń kà á nídìí àtẹ mi ní ọjà Kábà títí oníbàárà kan fi bi mí bóyá ìwé ni mò ń tà àbí ìwé ni mo wá kà.

ÌBÉÈRÈ: Màámi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Ìsánlú ni mo wà. Mò ń kọ ìtàn nípa Dúpẹ́, ọmọ ọdún 16. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Bùnú, ó sì ní aṣọ pupa kan tí wọ́n ń pè ní aṣọ ipò nínú àpótí. Ẹni tó bá fi aṣọ náà bora lóru yóò gbọ́ ohùn òkú. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n ìyá àgbà, tó jẹ́ olóyè, aṣọ náà dàwátì. Dúpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ṣọlá àti Báyọ̀, wá a kiri. Ní orí 20, Dúpẹ́ rí àjákù rẹ̀, ó fi bora, òkú olóyè náà sì dárúkọ olè fún un. Gbogbo ẹni tó kà á ní ó dùn, àmọ́ wọ́n ní bí Dúpẹ́ ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ náà ló rí níparí, pé kò dàgbà. Mo ti fi gbólóhùn kan kún ìparí rẹ̀ pé ó ti gbọ́n, wọ́n ní kò tíì tó. Kí ni kí n ṣe? (Akọ̀wé Kékeré, Ìsánlú)

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé Kékeré, ọmọ mi, òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ. Àmọ́ ibi tí o ń wá àìsàn náà sí kọ́ ló wà. O rò pé ìparí ìwé ló ń ṣe é. Orí 20 ló ń ṣe é. Wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ yìí ti kúrò ní Ìsánlú, ó ti gba Mọ̀pà, ó ti bọ́ sí Kábà, ó ti gun ọ̀kadà wọ Bùnú, òjò ti pa á, ajá ti lé e, àgbàlagbà méjì ti purọ́ fún un lójú korojú. Nígbà tó wá ku kó jókòó, kó da gbogbo ohun tó rí pọ̀, kó sì rò ó, òkú kan dìde, ó dárúkọ olè. Òkú ló ṣiṣẹ́ ọpọlọ. Àṣírí tú lóòótọ́, ṣùgbọ́n Dúpẹ́ kọ́ ló tú u, kò sì sí ohun tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kó yàtọ̀ sí bó ṣe wà. Ibi tí o ti pa àdììtú ìtàn rẹ náà lo ti pa ìdàgbà ọmọ náà.

Nítorí náà, pa gbólóhùn yẹn rẹ́ ná: “Láti ọjọ́ náà lọ, Dúpẹ́ kì í ṣe ọmọdé mọ́, ó ti gbọ́n.” Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Yorùbá, irú rẹ̀ ni mo máa ń bá nínú àròkọ gbogbo. Ẹ̀rí kankan kì í sí lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o wá ohun kan tí Dúpẹ́ kò lè ṣe ní orí kìíní, kí àṣírí náà má sì lè tú láé àfi tó bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Inú mi dùn láti sọ fún ọ pé o ti kọ ọ́ sílẹ̀ láìfura. Padà sí orí kejì. Ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ náà, Dúpẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà tún bẹ̀rẹ̀, ó tún já lù ú. Ní orí kẹrin, Báyọ̀ fẹ́ sọ ohun tó rí lẹ́yìn ilé, Dúpẹ́ ní kó sọ ọ́ lọ́la. Ọmọ tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sọ̀rọ̀ tán ni! Ọmọ tí kò ráyè gbọ́ alààyè ló wá ń wá aṣọ tí yóò fi gbọ́ òkú. O ní irú ẹrù yìí lọ́wọ́, o wá ń wá gbólóhùn tí wàá fi kún ìparí ìwé.

Ó wá ku kí a mọ ohun tí ìyá àgbà fẹ́ sọ kí ó tó já lù ú. Níbí ni mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀ bá ọ rò. Gbogbo ohun tí o sọ nípa aṣọ ipò nínú ìwé rẹ kò ju pé ó pupa, ó sì rẹwà. Ó tì o. Àwọn obìnrin Bùnú ló ń hun aṣọ yẹn, lórí òfì tàwọn obìnrin tó máa ń dúró lóòró, òwú pupa inú rẹ̀ kì í sì í ṣe òwú oko. Búláńkẹ́ẹ̀tì pupa tó ti òkè òkun wá, irú èyí tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn láyé ọjọ́un, ni wọ́n máa ń tú ní fọ́nrán fọ́nrán, tí wọ́n á wá fi fọ́nrán yẹn hun tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti tú súwẹ́tà àtijọ́ rí ẹ mọ̀ bí iṣẹ́ yẹn ṣe tó. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsìnkú olóyè àti egúngún ni wọ́n ń wá a fún, kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn ń ró lọ sọ́jà. Ọ̀mọ̀wé Elisha Renne, ará Amẹ́ríkà, gbé ní Bùnú ṣe ìwádìí, ó sì kọ odidi ìwé lórí aṣọ wọn, èyí tó jáde ní 1995. Bí o bá rí i ní ilé ìkàwé yunifásítì kankan, jókòó tì í. Bí o kò bá rí i, wọ ọkọ̀ lọ sí Bùnú, kí o bá àwọn ìyá tó gbọ́njú mọ̀ ọ́n sọ̀rọ̀. Kí ìwọ náà má já lù wọ́n.

Irun àgùntàn ni búláńkẹ́ẹ̀tì yẹn. Fa fọ́nrán irun àgùntàn kan yọ, fa fọ́nrán òwú lásán kan yọ, kí o ṣáná sí àwọn méjèèjì. Òwú á gbiná wàá, á jó tán, eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa kù, òórùn ìwé tó ń jó lo máa gbọ́. Ti àgùntàn á ká kò, iná rẹ̀ á máa lọ́ra, ó lè kú fúnra rẹ̀ bí o bá gbé ìṣáná kúrò, ohun dúdú tó ń rún láàárín ìka ló máa fi sílẹ̀, òórùn irun tó jóná ni ilé á sì máa rùn. Gbìyànjú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kí o tó kọ ọ́. Ohun tí imú rẹ bá gbọ́ lo lè kọ.

Ṣé o ti rí ibi tí mò ń lọ? Má jẹ́ kí aṣọ dàwátì mọ́. Jẹ́ kó wà nínú àpótí. Ní òru ìsìnkú, wọ́n gbé e jáde, ìyá àgbà fi bora, kò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo ẹbí ní ayé ti bàjẹ́, agbára aṣọ ti tán, kí wọ́n ká a padà. Dúpẹ́ nìkan ló rò ó pé bóyá aṣọ yẹn kọ́ nìyí, pé ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe mọ̀? Ohun tí ìyá àgbà fẹ́ sọ ní orí kejì nìyẹn: “Bí wọ́n bá gbé aṣọ pupa wá bá ọ, tí ọkàn rẹ ò balẹ̀ sí i, fa fọ́nrán kan, kí o...” Dúpẹ́ sì dáhùn pé, “Mo ti gbọ́, Yèyé, wọ́n ní kí ẹ wá jẹun.” Òǹkàwé á rí i pé ọ̀rọ̀ kan já sáàárín. Ó lè gbàgbé, àmọ́ kò ní lè sọ pé o tan òun jẹ.

Lẹ́yìn tí gbogbo ọ̀nà bá ti dí, kí Dúpẹ́ padà sílé lọ bá ìyá àgbà. Má jẹ́ kí ìyá náà sọ ọ́ fún un ní kíá. Àgbàlagbà tí wọ́n ti ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ kò ní torí pé ilẹ̀ ti ṣú kó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Kí ó gbé ìkáwọ́ òwú lé ọmọ náà lọ́wọ́, kí ó máa wò ó. Bí èmi bá ni mo ń kọ ọ́, bí mo ṣe máa ṣe é nìyí:

Ìyá àgbà dákẹ́. Dúpẹ́ la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ká òwú. Ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kan tó ń bọ̀ láti Ọbájánà kọjá ní títì, ọmọrí ìkòkò gbọ̀n lórí àdògán. “Bó bá jóná...” ni ìyá àgbà wí, ó tún dákẹ́. Dúpẹ́ kò béèrè pé bó bá jóná ńkọ́. Ó ká òwú. Òwú náà tán lọ́wọ́ kan, ó mú òmíràn.

Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti gbọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Màámi, èmi ò gbà pé idán àti ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lè jọ wà nínú ìwé kan. Bí iwin bá lè sọ ẹni tó pànìyàn, kí ni wọ́n ń fi ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ṣe? Bí kò bá sì lè sọ, kí ni iwin ń wá níbẹ̀? (Ẹlẹ́rìí Kò Sí, Kábà)

ÌDÁHÙN: Ìwọ nìkan kọ́ lo rò bẹ́ẹ̀. Fadá Ronald Knox, àlùfáà Kátólíìkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, gbé òfin mẹ́wàá kalẹ̀ fún irú ìtàn yìí ní 1929. Òfin kejì ní agbára àìrí kankan kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ó tún wá jẹ́ pé àlùfáà ló sọ bẹ́ẹ̀!

Mo gbà pẹ̀lú Fadá lórí òfin àkọ́kọ́, pé arúfin gbọ́dọ̀ ti fojú hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. (Akọ̀wé Kékeré, àlejò Èkó tó yọ sí wa ní orí 18, tó wá di olè, lé e kúrò nínú ìwé rẹ. Bàbá Ṣọlá tó ń kó àga sábẹ́ àtíbàbà ní orí kìíní ni kí o fún ní iṣẹ́ yẹn.) Mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ìkẹjọ, pé ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bá rí, òǹkàwé náà gbọ́dọ̀ rí i. Bàbá Ṣọlá ní òní lòun ti Ìlọrin dé fún ìsìnkú. Ó dáa. Ìgbà kajú ni, wọ́n ń yan kajú káàkiri abúlé, epo èèpo kajú sì máa ń bó ènìyàn lọ́wọ́. Kí Dúpẹ́ gba ife omi lọ́wọ́ rẹ̀, kí ìwé sọ ọ́ gẹ́rẹ́ pé ìka rẹ̀ ti bó, ó ti ń gbẹ, kí ìtàn sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ tó bó kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá yan kajú rí ní Ìjùmú tàbí Yàgbà á rẹ́rìn-ín sínú, ará ìlú ńlá á kọjá lórí rẹ̀. Kò sí idán níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀tàn.

Lórí òfin kejì ni èmi àti Fadá ti pínyà. Ohun tí òfin náà ń lé sá ni òǹkọ̀wé tó há sínú ìtàn ara rẹ̀, tó wá fa idán yọ láti fi jáde. Ẹjọ́ òǹkọ̀wé nìyẹn. Idán tó bá ní òfin, tí wọ́n sì ti ka òfin rẹ̀ sétí òǹkàwé kí ọ̀ràn tó ṣẹlẹ̀, ó lè wọ inú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kó má ba nǹkan kan jẹ́. Mú aṣọ Akọ̀wé Kékeré. Ká ní òkú kì í sọ ju ohun tí ó fojú ara rẹ̀ rí nígbà tó wà láyé. Lẹ́yìn tí olóyè kú ni wọ́n pààrọ̀ aṣọ. Ó tán! Kò mọ̀ ọ́n, kò lè sọ ọ́. Ẹ lè jí i ní gbogbo òru, Dúpẹ́ ṣì ní iṣẹ́ ṣe. Àmọ́ bí àjákù tí wọ́n rí bá fọhùn rárá, ẹ̀rí lásán nìyẹn pé ojúlówó aṣọ wà níbì kan, a jẹ́ pé èyí tó wà nínú àpótí kì í ṣe é. Iwin náà wá di ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí tí ìmọ̀ rẹ̀ níwọ̀n. A ní irú wọn ní kóòtù.

Kí idán náà sì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó lò ó, ohun tó máa dùn ún. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́, kì í ṣe pé imú rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Gbogbo ìwé ló ń ṣe ìyẹn báyìí, ó ti sú mi. Ká ní ẹni tó bá gbọ́ ohùn òkú, ohùn alààyè kan yóò kúrò létí rẹ̀ títí iṣu tuntun yóò fi jáde, kò sì ní mọ ti ẹni tí yóò jẹ́. Ìyẹn ní láárí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán mà. SS2 ni mo wà ní Ẹ̀gbẹ̀. Olùkọ́ wa ní ẹ̀dá ìtàn tí kò bá yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àṣìṣe òǹkọ̀wé ni. Ṣé dandan ni kí gbogbo wọn dàgbà? (Ọmọ Kíláàsì)

ÌDÁHÙN: Mi ò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìwọ àti olùkọ́ rẹ, torí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́: kì í ṣe dandan. Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1969, kò bá mi yí padà, mi ò sì fẹ́ kó yí padà. Orí kunkun rẹ̀ ni mo bá a wá. Àgbàlagbà ti di ohun tó máa dì. Ọmọ ọdún 16 ló yàtọ̀: bàtà àná kò gbà á mọ́, ohùn rẹ̀ ń yí, ìbínú rẹ̀ kò mọ ilé tó máa wọ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá la ọ̀ràn kọjá tí kò sì yàtọ̀, òǹkàwé tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 16 á mọ̀ pé irọ́ ni.

Síbẹ̀, bí ọ̀rẹ́ bá mẹ́ta nínú ìtàn, má jẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ẹgbẹ́ akọrin nìkan ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún yá ìtàn Akọ̀wé Kékeré lò, kò ní bínú. Báyọ̀ ni sùúrù rẹ̀ tán, tó fi àjákù aṣọ bora láìjẹ́ kí Dúpẹ́ mọ̀. Olóyè kò rí ohun gidi kan sọ fún un. Ilẹ̀ mọ́, Dúpẹ́ pè é, Báyọ̀ rí i tí ẹnu rẹ̀ ń mì, kò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bébà ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, Dúpẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wá ń wá bírò kí ó tó lè bú u. Ẹni kan ló ṣẹ̀, àwọn méjì ló yí padà.

Ṣọlá ni kí o wá jẹ́ kó kọ̀ jálẹ̀. Láti orí kẹsàn-án ló ti mọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe, tó ń bá wọn wá aṣọ kiri, tó ń dá wọn gba ọ̀nà tí kò lọ síbẹ̀. Nígbà tí àṣírí bá tú, kí ó má sunkún, kí ó má tọrọ gáfárà. Kí ó sọ pé bàbá òun ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ní ọdún 16 tó máa fa bàbá rẹ̀ lé ìlú lọ́wọ́? Èmi kò ní ṣe é. Dúpẹ́ gbọ́dọ̀ yan ohun tó máa ṣe pẹ̀lú ọ̀rẹ́ tó gbọ́ yé, tó sì mọ ìdí tó fi purọ́, tí kò sì lè dárí jì í ní ojú ẹsẹ̀. Èyí ṣòro ju mímọ olè lọ fíìfíì, òun ni mo sì máa fẹ́ kà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni mo ti lè rí ẹni tó máa bá mi tẹ ìwé ìtàn mi jáde? Mo ti kọ ọ́ dé ìdajì. (Òǹkọ̀wé Ọ̀la, Ìyàrá)

ÌDÁHÙN: Parí rẹ̀ ná.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àdúrótì àwọn ọmọ wa. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, mú ìwé ìtàn kan bọ̀ láti ilé ìwé. Àjẹ́, iwin, ọmọ tó ń di ẹyẹ, òkú tó ń rìn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn ará ìjọ wa ní kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà ní ẹni tó jí adé inú ìwé lòun ń wá, kì í ṣe iwin. Kí lẹ rí sí i? (Bàbá Ọmọ, Mọ̀pà)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìjọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní Yàgbà, láti ìgbà tí míṣọ́nnárì Tommie Titcombe ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, kì í sì í ṣe èmi ni máa ní kí ẹ kọ etí dídi sí àwọn ará yín. Ohun kan ni mo kàn fẹ́ kí ẹ fi kún àròjinlẹ̀ yín. Ìwé àkọ́kọ́ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí iwin àti ẹbọra kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, 1938 ló jáde, ilé ìtẹ̀wé ìjọ CMS ló sì gbé e jáde. Olùkọ́ ilé ìwé ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ ni pẹ̀lú. Iye àwọn àgbà ìjọ tó fi ìwé rẹ̀ mọ Yorùbá kà kò kéré, bóyá nínú àwọn tó ní kí ẹ gba ti ọmọ yín gan-an.

Kì í ṣe pé gbogbo ìwé ló dáa. Mo ti kọ̀ láti kó àwọn kan sórí àtẹ mi. Ìwé tí ọmọ inú rẹ̀ ń fi idán gba ohun tó wù ú, tí kò san nǹkan kan, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí kò sì kọ́ nǹkan kan, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé áńgẹ́lì ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ka orí méjì àkọ́kọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Kí òun kà á sókè, kí ẹ̀yin gbọ́. Bó bá dé ibi tí kò bá yín lára mu, ẹ sọ ọ́, kó gbọ́ tẹnu yín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í pé ta ló rò pé ó jí adé, kí ló sì rí tó fi rò bẹ́ẹ̀. Èsì tó bá fún yín á jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá iwin ló ń kọ́ nínú ìwé náà àbí bí a ṣe ń fi ojú inú wo ènìyàn. Ẹ padà kọ̀wé sí mi nípa ibi tí ẹ bá a dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ olè náà sínú lẹ́tà o, èmi náà ò tíì ka ìwé yẹn.